Àlàfo kan ṣoṣo: ìrírí mi lórí títún etí odò wa ṣe ní Ṣábẹ

Ọ̀dọ́ igi ọ̀gànwó 240 ni mo fi owó ara mi rà láti gbìn sí etí odò wa ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, 72,000 fráǹkì sì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni màlúù fi jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n sì tẹ ìyókù mọ́ ẹrẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀bi darandaran: àlàfo tí àwa fúnra wa fi sílẹ̀ nínú ọgbà ni ẹran gbà wọlé.

Odò kékeré tó kọjá lẹ́yìn oko wa ní Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin, ń ṣàn lọ sínú odò Ọ̀pàrà, Ọ̀pàrà ń wọ inú Wẹ̀mẹ̀, Wẹ̀mẹ̀ sì ń lọ títí dé adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). A ti ro ilẹ̀ dé bèbè rẹ̀, òjò kan sì tó láti gbé ẹrẹ̀ oko àti ajílẹ̀ òwú sínú rẹ̀. Àwọn tó ń fín oògùn kòkòrò sí òwú a máa fọ pọ́ńpù wọn níbẹ̀. Mo fi ojú mi rí i tí omi funfun bíi wàrà ń jáde lẹ́nu pọ́ńpù, nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ìsàlẹ̀ odò, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, tó ń fi igbá bu omi sínú korobá. Álọ́ọ̀mù tí a ń lò nílé a máa mú omi tòrò, ṣùgbọ́n kì í mú oògùn kòkòrò kúrò nínú rẹ̀.

Òfin igbó orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1993 kò fàyè gba ṣíṣán igbó láàárín mítà 25 sí etí odò. A kò fẹ́ fi òfin halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni; mítà 10 péré ni a bẹ olóko kọ̀ọ̀kan pé kí ó fi sílẹ̀ fún koríko àti igi, kí gbòǹgbò wọn lè di bèbè mú, kí wọ́n sì dá ẹrẹ̀ dúró kí omi òjò tó dé odò. Ìdílé mẹ́fà gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdílé keje dá wa dúró fún oṣù mẹ́rin.

Ilẹ̀ wọn kò ju mítà 60 lọ ní gígùn, ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn ni ó wà. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí gbà lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ránṣẹ́ pè mí pé àbúrò òun tó ń gbé ní Kùtọnu ti pe òun lórí fóònù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Mo lọ sí Kùtọnu, n kò bá a nílé. Mo tún lọ. Mo ti rò pé owó ni ó ń wá, nítorí náà mo ṣàlàyé ẹrẹ̀, mo ṣàlàyé oògùn, mo ṣàlàyé ẹja tí a kì í rí mọ́, títí ó fi rẹ̀ mí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ní: “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa omi ni mo gbà. Igi tí ẹ bá gbìn sórí ilẹ̀ bàbá mi lónìí, ta ni àwọn ọmọ yín yóò sọ pé ó gbìn ín lọ́la?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, a lè yá àlejò ní ilẹ̀ kí ó fi gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ó gbin igi, nítorí pé ẹni tó gbin igi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ni mo ti ń sọ láti ìgbà yẹn fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń jẹ lọ́kàn, mítà 60 tirẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ sì ni màlúù ti gbà wọlé kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀.

A kọ ìwé kan níwájú baálẹ̀ pé ti ìdílé wọn ni ohunkóhun tó bá hù níbẹ̀, àti pé ọwọ́ àwọn ọmọ wọn ni yóò gbìn ín. Ní oṣù kẹjọ, àbúrò náà wá láti Kùtọnu, ó bọ́ bàtà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ri ọ̀pá lápálápá àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ fún ọgbà tó dí àlàfo náà.

Bí mo bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, n kò ní ra igi kankan kí ọgbà tó pé yíká. Ọ̀gànwó gan-an ni n kò ní kọ́kọ́ gbìn, nítorí pé àwọn darandaran a máa gé ewé rẹ̀ fún ẹran wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lápálápá ni ó yẹ kó ṣáájú: a kò ra ọ̀pá rẹ̀, màlúù àti ewúrẹ́ kì í sì í jẹ ewé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni koríko vetiver, tí gbòǹgbò rẹ̀ lè wọ ilẹ̀ tó mítà 3, ní ìlà tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, tí ìdí kan kò jìnnà sí èkejì ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. A tún bá àwọn ará gáá jíròrò, a sì fi ibi olókùúta kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò kí ẹran wọn lè máa mumi.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, mo dúró sídìí koríko náà. Omi pupa ti oko òwú bọ̀, ó dé ibẹ̀, ó rọra dúró, ó sì tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí òjò dá, mo ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ tó kó jọ síbẹ̀, ó sì bò mí dé ọrùn ọwọ́.

Fífọ pọ́ńpù ni kò tíì tán. A ti gbé àgbá omi kan sí òkè oko, kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì da omi ìfọ̀ padà sórí òwú, ṣùgbọ́n ẹni méjì ṣì ń lọ sódò ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti lọ bá wọn nílé. Ní ìgbà yìí, mo bi wọ́n ní ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kí n tó sọ ohunkóhun nípa omi, wọ́n sì ní àgbá náà jìnnà sí oko àwọn. A ó gbé èkejì sí ọ̀dọ̀ wọn kí àkókò fífín òwú tó dé.