Aago Méje Ààbọ̀ Alẹ́ ní Òṣogbo: Bí Mo Ṣe Ń Gbúròó Àwọn Òbí Mi Láti Òkè Òkun

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà ní Manchester. Bàámi àti Màámi wà nílé wa ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo. Bàámi ti pé ọdún 82, Màámi jẹ́ 75. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Ìbàdàn, ó sì ń lọ wò wọ́n lóṣooṣù, ṣùgbọ́n fóònù nìkan ló wà láàárín èmi àti wọn. Mo rò pé mo ń gbìyànjú. Ìgbàkígbà tí àyè bá yọ ni mo máa ń pè wọ́n: nínú bọ́ọ̀sì, nídìí ìdáná, nígbà tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. "Bàámi, ẹ kú alẹ́ o. Ṣé ara le?" "A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Kò sí wàhálà." Ó parí náà nìyẹn.

Àfi ìgbà tí mo délé ní ìparí ọdún kan ni mo tó mọ ohun tó wà lábẹ́ "kò sí wàhálà" yẹn. Lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Bàámi ni mo ti rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e sí méjì-méjì, wọ́n wé e sínú bébà tí wọ́n ya lára kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí. Oògùn ti wọ́n, ni wọ́n bá ń lo ìdajì kí ó lè tọ́jọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Láàárín oṣù mẹ́rin ọ̀hún, kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò pè wọ́n. Mo bi Màámi pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi sọ fún mi. Wọ́n ní, "Kí la fẹ́ sọ? Ṣebí ìwọ náà ń sáré tìẹ níbẹ̀ yẹn." Mo wọ yàrá, mo sunkún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìsinmi mi, mo sì fi gbogbo rẹ̀ tún ètò wa tò. Mo ń kọ ọ́ síbí nítorí ẹni tí òbí rẹ̀ ń dàgbà nílé nígbà tí òun wà lọ́nà jíjìn.

Etí Bàámi ni mo kọ́kọ́ mójú tó. Lórí fóònù, gbogbo ohun tí mo bá sọ, "ẹ́n-ẹ̀n, ó dáa" ni wọ́n fi máa ń dáhùn, wọ́n á sì yára gbé fóònù fún Màámi. Ó ti ń dùn mí lọ́kàn, mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti sú wọn ni. Ìgbà tí a jókòó pa pọ̀ ni mo rí i pé bí mo bá wà lápá òsì wọn, wọn kì í gbọ́ mi, etí òsì náà sì ni wọ́n ń gbé fóònù sí. A lọ rí dókítà elétí ní ilé ìwòsàn. Ìdọ̀tí ló gan mọ́ inú etí ọ̀hún. Wọ́n fún wa ní oògùn tí a kán sí i fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè rọ̀, a padà lọ, wọ́n sì fọ̀ ọ́ jáde. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, tí a dé Old Garage, Bàámi ní, "Ariwo ọkọ̀ ibí yìí mà pọ̀ o!" Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ etí òbí yín wò kí ẹ tó ra fóònù olówó ńlá fún wọn.

Ọ̀rọ̀ fóònù wá kàn. Fóònù olójú gbàgede tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún Bàámi kò bá wọn lára mu, torí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ibi tí wọn ò fẹ́ tẹ̀ ni ìka wọn máa ń kàn. Mo ra fóònù tọ́ọ̀ṣì, èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ tóbi, tí ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó fẹ́ iná. Mo ṣètò rẹ̀ pé bí wọ́n bá tẹ 2 mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, èmi ni yóò pè. 3 jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, 4 jẹ́ ti Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa. Mo ní kí wọ́n kàn fi fíláàṣì mí ni, èmi á pè padà, nítorí owó ìpè sí òkè òkun ń jẹ káàdì. Mo tún tẹ *996# lórí láìnì wọn láti mọ̀ bóyá ó ti so mọ́ NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, torí ní 2024 tí wọ́n ń ti láìnì tí kò so mọ́ ọn pa, odindi ọjọ́ méjì ni a fi wá Bàámi lórí fóònù tí a ò rí wọn. A ra iná sólà kékeré tí a lè fi ṣaji fóònù nígbà tí kò bá sí iná. Káàdì àti dátà, mo ti ṣètò rẹ̀ lórí áàpù báǹkì mi nílé, ó ń wọlé fúnra rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

Màámi ni wọ́n ń lo WhatsApp. Wọn ò fẹ́ràn kí wọ́n máa tẹ ọ̀rọ̀, nítorí náà mo kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́. Èyí gba sùúrù. Bí wọ́n bá tẹ àwòrán máìkì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìka wọn á yẹ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ á sì já. "Àkànní, ọmọ mi, mo ní kí n sọ fún ẹ pé..." Ó já. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n..." Ó já. A jókòó lórí àga kan náà nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n: tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fà á lọ sókè, ọwọ́ lè kúrò, máa sọ̀rọ̀ lọ, nígbà tí o bá parí kí o tẹ ọfà. Ìgbà tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí i fún wọn, oríkì mi ni wọ́n kì sí i látòkè délẹ̀. Mo ṣì ní in.

Ti oògùn, mo bá ilé oògùn kan ní Ìgbóǹnà sọ ọ́. Mo ń san owó fún wọn tààrà lóṣooṣù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun á lọ gbà á, á sì tò ó sínú àpótí oògùn onílé méje, ilé kan fún ọjọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni òun àti èmi ń sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ojú tèmi kò tó ilé, àfi kí n rí ẹni tí ojú rẹ̀ tó o. Mo tún bẹ Ìyá Ìbejì pé bí ìlẹ̀kùn wa ò bá ṣí títí aago mẹ́jọ àárọ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ kan ilẹ̀kùn.

Mo sì yí ìbéèrè mi padà. Mi ò bi wọ́n mọ́ bóyá ara le, torí "a dúpẹ́" ni ìdáhùn rẹ̀. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé: Kí lẹ jẹ lánàá? Ta ló wá kí yín? Ilé mélòó ló ti ṣófo nínú àpótí oògùn? Ẹ gbé e wá síwájú kámẹ́rà kí n rí i. Ìgbà kan tí mo bi wọ́n ní oúnjẹ, ògì ni Bàámi mu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ògì lọ́jọ́ kejì, ògì lọ́jọ́ kẹta. Bàámi tí wọn kì í fi iyán ṣeré! Eyín ló ń dùn wọ́n, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí dókítà eléyín.

Nítorí àwọn gbájúẹ̀ tó ń pe àgbàlagbà pé "ọmọ yín ní jàǹbá, ẹ tètè fowó ránṣẹ́", a ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan. Orúkọ ajá tí a ní nígbà tí mo wà ní kékeré ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe èmi, ì báà fi ohùn mi sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ jù ni ti àsìkò. Rélùwéè ni Bàámi bá ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, àkókò kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣeré. Mo dá ọjọ́ Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àìkú, aago méje ààbọ̀ alẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti kírun Màgàríbì tán. Láti ìgbà yẹn, Bàámi máa ń wẹ̀, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á sì jókòó ti fóònù ṣáájú àkókò. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ fún mi nípa fìlà yẹn.

Àṣìṣe kan wà tí mo ṣe. Aago Òṣogbo kì í yí padà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń yí. Láti òpin oṣù Kẹta títí di òpin oṣù Kẹwàá, aago kan náà la jọ ń lò. Lẹ́yìn ìyẹn, Òṣogbo á fi wákàtí kan ṣáájú wa. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, mo pè ní aago méje ààbọ̀ tèmi, aago mẹ́jọ ààbọ̀ sì ti lù nílé. Bàámi ti tẹ 2 títí, fóònù mi sì wà ní yàrá, mo ti pa ohùn rẹ̀. Wọ́n ti pe ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi ti pe ọ̀rẹ́ mi kan ní London. Ohùn Bàámi ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n gbọ́ mi. Mo bẹ̀ wọ́n gan-an. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé aago Èkó sí ojú fóònù mi, òun ni mo ń wò láti ìgbà náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi fi ohùn ránṣẹ́ nípa ìyàwó tuntun ládùúgbò. Wọ́n parí ọ̀rọ̀, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n gbàgbé láti tẹ ọfà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ó gùn kí wọ́n tó rántí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fọ abọ́. Mo gbọ́ òjò lórí páànù. Mo gbọ́ tí Bàámi bèèrè pé, "Ọjọ́ Ọjọ́rú ni òní, àbí?" tí Màámi dáhùn pé, "Ọ̀la ni o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí fìlà yẹn sinmi ná."