Bí ẹ ṣe máa mọ ohun tí "run" ń sọ nígbà tí kì í ṣe eré sísá

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra WAEC, ẹ jókòó ká sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí mò ń kọ́ níwèé nírọ̀lẹ́ nílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ ka "the tap is running", ó ní ẹ̀rọ omi ń sáré, ìyá ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, mo ní ẹ má fọmọ rẹ́rìn-ín o, ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti jẹ́lé-ó-sinmi ló sọ yẹn, wọ́n ní "run" ni sáré, wọn ò sì sọ nǹkan mìíì fún un mọ́.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ gan-an ni. Peter Gilliver, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe dìkíṣọ́nárì Oxford, lo bí oṣù 9 lórí òun nìkan, ní 2011 la sì gbọ́ pé ìtumọ̀ tó rí kó jọ tó 645. Nínú dìkíṣọ́nárì yẹn tí wọ́n tẹ̀ ní 1989, "set" ni ìtumọ̀ ẹ̀ ṣì pọ̀ jù. Torí náà ẹ má ní kọ́mọ há gbogbo ẹ̀ sórí, ẹ máa dá a lágara lásán ni.

Látinú Yorùbá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni "jẹ", á ní kéèyàn jẹ iṣu. Ẹni tó jẹ gbèsè ńkọ́? Ẹni tó jẹ oyè, ẹni tó jẹ ìyà, ẹni tó jẹ èrè lọ́jà ńkọ́? Kò sọ́mọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹnì kan jẹ Ṣọ̀ún tó máa bèèrè ọbẹ̀, torí ohun tó tẹ̀lé "jẹ" ti ṣàlàyé. Bí "run" náà ṣe rí nìyẹn.

Kó wá máa bi ara ẹ̀ pé ta ló ń "run", kí ló sì tẹ̀lé e. Tó bá jẹ́ omi, omi ń yọ. Tó bá jẹ́ imú, ikun ló ń dà. Jẹnẹrétọ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Aró àdìrẹ, ó ń ṣí, ó ti lè kó bá aṣọ funfun tẹ́ ẹ jọ rẹ. Ibi tí mo ti rí i pé wọ́n máa ń ṣìnà jù ni ti mọ́tò: "buses run from Ogbomoso to Ilorin", kò sọ̀rọ̀ eré àsápajúdé rárá, ọkọ̀ ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin ni, àwa náà sì ní ọ̀rọ̀ tó dáa fún un!

"She runs a shop at Takie", ó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù ni. "He is running for chairman", ó ń du ipò alága, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ l'Amẹ́ríkà nìyẹn, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù á ní "stand", ọ̀kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ kékeré ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́, ẹ má fojú fò ó o. "Run away", sá lọ. "Run over", ọkọ̀ tẹ èèyàn tàbí ẹran. "Run into", ẹ pàdé ẹnì kan láìròtẹ́lẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ mọ́tò àti ògiri, ó kọlù ú ni. "We have run out of garri", gààrí ti tán nílé, kí wọ́n má gbàgbé "of" yẹn. "Running stomach" tí gbogbo wa ń sọ, òyìnbó tiwa ńbí ni, "diarrhoea" ni kọ́mọ kọ nínú ìdánwò.

Ẹ tún ṣọ́ "I have ran", àṣìṣe ni. "Run, ran, run" ló ń lọ, "I ran" lánàá, "I have run". Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà báyẹn, ìdí tó fi ń dà wọ́n láàmú nìyẹn, ẹ ní sùúrù.

Ẹ fi èyí dán wọn wò: "The woman who runs the bakery ran into my uncle at Sabo and told him they had run out of flour." Ohun tọ́mọ ẹ̀gbọ́n mi kọ lọ́jọ́ Sátidé rèé, òun nìkan ló kọ ọ́: ìyá tó ń bójú tó bekìrì ṣe kòńgẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Sàbó, wọ́n ní fúláwà ti tán nílẹ̀.