Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Táǹkì Epo Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Tó Ti Pẹ́

Táǹkì epo kì í ṣàdédé jò. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi òjé bò ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ táǹkì ọkọ̀ àtijọ́, bí òjé náà bá sì ti ṣí níbì kan, omi tó wọ inú epo á rí irin jẹ. Omi wúwo ju bẹtiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ táǹkì ló máa ń sùn sí. Ìsàlẹ̀ yìí kan náà ni ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà máa ń lẹ̀ mọ́ láti ìta, pàápàá níbi tí bẹ́líìtì irin ti fún táǹkì mọ́ra. Ìpẹtà á máa jẹ ẹ́ bọ̀ láti inú, á máa jẹ ẹ́ bọ̀ láti ìta, ọjọ́ tí méjèèjì bá sì pàdé ni ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé táǹkì nìkan kọ́ ló gbó. Rọ́bà epo, bẹ́líìtì, fúlótà tó ń wọn iye epo, wáyà àti ihò tí táǹkì fi ń mí ti jọ lo ọdún kan náà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn. Ẹni tó bá pààrọ̀ táǹkì tó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ yóò tún padà wá sábẹ́ ọkọ̀ náà láìpẹ́.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé táǹkì ni ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ sì gbé ìgò náà síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ̀n ọ́n fún bí ìṣẹ́jú 10. Bí omi bá wà nínú epo, ẹ ó rí ìlà tó pààlà láàárín àwọn méjèèjì, omi á wà lábẹ́, epo á wà lókè, iyanrìn pupa tó kúnná á sì ti tò sí ìdí ìgò. Iyanrìn pupa yẹn, ara táǹkì ló ń bù dànù bẹ́ẹ̀. Irú táǹkì yìí ló máa ń mú kí ọkọ̀ sáré dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára, tí ẹ bá sì dúró díẹ̀ á tún yá, nítorí pé ìdọ̀tí ti dí asẹ́ tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù, ó sì ń já bọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá rọ epo kún nìkan ni òórùn máa ń jáde, ẹ wo òkè táǹkì: rọ́bà ọ̀nà ìrọpo, rọ́bà abẹ́ fúlótà tàbí rọ́bà ihò èémí ló sábà máa ń fa ìyẹn, kò sì sí ìdí láti ra táǹkì.

Àwọn kan á ní kí ẹ gbé táǹkì náà fún ajórin kó fi iná dí ojú ibi tó ń jò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbà. Táǹkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí oru epo tó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ló ń bú gbàmù, oru náà kò sì nílò ju bí ìdá 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú táǹkì lọ kó tó gbiná. Fífi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kò tó, torí pé epo máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ìpẹtà àti sínú àpò ojú ìsopọ̀, ooru iná ajórin á sì fà á jáde.

Ní ti táǹkì tí ẹ ó rà, ẹ kọ́kọ́ ronú lórí ibi tí yóò wà. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ló ń gbé táǹkì sínú ilé awakọ̀, lẹ́yìn àga ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ti Chevrolet rí títí di ọdún 1972, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lóde irin ṣásí, láti ọdún 1973. Bí tiyín bá wà lẹ́yìn àga, èrò tèmi ni pé kí ẹ má fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sábẹ́ bọ́dì ẹ̀yìn, láàárín irin ṣásí méjèèjì, níbi tí kò ti ní sí òórùn epo lọ́dọ̀ èrò ọkọ̀, tí irin líle yóò sì dáàbò bò ó bí ọkọ̀ mìíràn bá kọlù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn sàn púpọ̀ ju pé kí ẹ kàn fi lítà kún lítà lọ.

Bó bá sì jẹ́ pé táǹkì tó tóbi jù ni ẹ fẹ́, ẹ ṣírò ìwọ̀n rẹ̀. Lítà bẹtiróòlù kan wúwo tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kìlógíráàmù, èyí tó túmọ̀ sí pé lítà 80 tó bí kìlógíráàmù 60, láìka irin táǹkì fúnra rẹ̀. Ẹ wọn àyè náà nígbà tí ẹrù wà nínú ọkọ̀, torí pé ọ̀pá táyà ẹ̀yìn máa ń gòkè sún mọ́ ṣásí bí ọkọ̀ bá wọ gálọ́ọ̀pù. Táǹkì kò gbọdọ̀ kan ọ̀pá yìí tàbí ṣáàfùtù, kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ lábẹ́ ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ páìpù sàlẹ́ńsà láìsí irin tí yóò dènà ooru láàárín wọn. Táǹkì ike kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Táǹkì alumíníọ̀mù fúyẹ́, àmọ́ bó bá ń fara kan irin ṣásí lásán nínú ọ̀rinrin, yóò jẹ dànù, nítorí náà ẹ fi rọ́bà sáàárín. Èyíkéyìí tó bá tóbi gbọ́dọ̀ ní ògiri nínú, kí epo má baà máa ya lọ ya bọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ó yá, iṣẹ́ wá kù. Ìta gbangba ni ẹ ti máa ṣe é, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Oru bẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rà lé, ó sì lè rìn jìnnà títí tí yóò fi rí iná tó ń jó níbòmíràn, kí ó sì gbé iná náà padà wá bá yín. Ẹ gbé agolo apaná oníyẹ̀fun tàbí onífóòmù síbi tí ọwọ́ tó, kì í ṣe garawa omi, torí omi á kàn gbé epo tó ń jó káàkiri ni. Ẹ má ṣe fi gílóòbù tó ń gbóná kọ́ sábẹ́ ọkọ̀: ẹ̀kán epo kan ṣoṣo tó bá bọ́ sí i lè fọ́ ọ, okùn iná inú rẹ̀ á sì ṣe ìyókù.

Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ oníkáábúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀), agbára epo inú páìpù kò ju psi 4 sí 7 lọ; psi ni òṣùwọ̀n agbára yìí. Ti ìnjẹ́kítọ̀, tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, lè tó psi 35 sí 60, kò sì yẹ kí ẹ tú páìpù rẹ̀ láìkọ́kọ́ tú agbára náà sílẹ̀. Ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù, ẹ ṣáná sí ọkọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ ó tó tú orí bátìrì tó jẹ́ ti òdì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa epo inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ má fi ẹnu fà á, torí pé bẹtiróòlù díẹ̀ tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn. Ilẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ jókòó lé, kó má ṣe wà nínú bọ́dì píkọ́ọ̀pù tàbí lórí ike, kí iná mànàmáná tó ń kóra jọ nígbà tí epo ń ṣàn lè rí ọ̀nà wọlẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láti dé ọ̀dọ̀ táǹkì tó wà lábẹ́ bọ́dì: kí ẹ sọ táǹkì kalẹ̀, tàbí kí ẹ gbé bọ́dì kúrò lórí rẹ̀. Èyí kejì ni mo fẹ́ràn nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́. Bóòtì tó de bọ́dì kì í sábà ju 6 tàbí 8 lọ; ẹ ta òróró atúnọ́ọ̀tì sí wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, ẹ tú wáyà iná ẹ̀yìn àti ẹnu ìrọpo, kí ènìyàn mẹ́rin sì gbé e. Gbogbo ohun tó wà lórí táǹkì á hàn kedere, ọwọ́ yín á sì dé ibi tí ẹ fẹ́. Bí ẹ kò bá ní olùrànlọ́wọ́, ẹ fi pákó fífẹ̀ sórí jáàkì, ẹ ti táǹkì díẹ̀ sókè, kí ẹ tó tú bẹ́líìtì. Ẹ so bébà mọ́ páìpù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ èyí tó ń gbé epo lọ, èyí tó ń dá a padà, àti èyí tí táǹkì fi ń mí; mo ti rí i tí wọ́n gbé méjì nínú wọn wọ ara wọn, ọkọ̀ sì kọ̀ kò lọ.

Ẹ wá gbájú mọ́ àwọn ohun tó yí táǹkì ká. Rọ́bà epo tó ní àmì 30R7 dára fún káábúrétọ̀. Ti ìnjẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì 30R9, torí pé agbára epo rẹ̀ yóò bẹ́ èyí àkọ́kọ́. Ẹ tẹ rọ́bà àtijọ́ po: bó bá fi ojú lílà hàn, ẹ jù ú nù. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì tí ìpẹtà ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ sì fi rọ́bà tuntun sáàárín rẹ̀ àti táǹkì.

Ihò èémí ni àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré jù. Bí epo ṣe ń lọ, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá rọ́nà wọlé, pọ́ǹpù á máa fa òfìfo, ọkọ̀ á máa kú lójú ọ̀nà, tí ẹ bá sì ṣí ìdérí ẹ ó gbọ́ kí afẹ́fẹ́ fọn ṣìì wọlé. Táǹkì pẹlẹbẹ tiẹ̀ lè tẹ̀ wọnú. Ìdérí àwọn ọkọ̀ mìíràn ní ihò èémí lára, ti àwọn mìíràn kò ní, nítorí pé agolo èédú tó ń gba oru epo ni wọ́n ń gbà mí. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí ẹ bá gbé táǹkì sí àyè tuntun, ẹ jẹ́ kí rọ́bà èémí gòkè kọjá ojú epo nígbà tó bá kún, kó tó sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì fi fáàfù tó ń pa dé nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé sí ẹnu rẹ̀.

Fúlótà ni ó ń sọ iye epo fún gééjì, èdè àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú ọ̀pọ̀ Chevrolet àti GMC àtijọ́, ó máa ń fi 0 ọ́ọ̀mù (òṣùwọ̀n ìdènà iná mànàmáná) hàn bí táǹkì bá gbẹ, á sì fi 90 hàn bó bá kún. Ti Ford ṣáájú ọdún 1987 lọ ní òdìkejì: ó tó bí 73 nígbà tó gbẹ, ó tó bí 10 nígbà tó kún. Èyí tí wọ́n ń tà fún gbogbo ọkọ̀ sábà máa ń lọ láti 240 wá sí 33. Kí ẹ tó fi èyíkéyìí sínú táǹkì, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń gbé apá rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ yí láìfò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ so wáyà kan láti ara fúlótà mọ́ irin ṣásí tí ẹ ti họ ọ̀dà kúrò lára rẹ̀. Mo gbàgbé wáyà yìí nígbà kan nínú Chevrolet tí mo gbé táǹkì tuntun sí. Rọ́bà tuntun ló gbé táǹkì náà dúró, kò sì fara kan ṣásí níbì kankan, nítorí náà gééjì dúró gbọnin lórí kíkún, inú mi sì ń dùn sí i títí epo fi tán pátápátá lójú ọ̀nà lálẹ́. Bọ́dì tí mo ti dè ni mo tún tú, nítorí wáyà tí kò gùn tó apá.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ fi rọ́bà tuntun sábẹ́ fúlótà, ẹ má fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù lásán rọ́pò rẹ̀, torí bẹtiróòlù á rọ̀ ọ́. Ọ̀pá idẹ àti òòlù ni kí ẹ fi lu òrùka tó dì í mú, torí idẹ kì í ta iná bí irin. Bẹ́líìtì kò yẹ kó fún jù. Kó ṣáà ti di táǹkì mú débi tí kò fi ní yí bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì mì ín.

Lítà 10 ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ. Kí ẹ tó ṣáná, ẹ fi bébà funfun nu ìdí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bébà á fi epo hàn kí ojú tó rí i. Ẹ so bátìrì padà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ tún nù ún. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, ẹ rọ epo kún, nítorí ìgbà tó bá kún nìkan ni ìsopọ̀ òkè máa ń fi àṣírí rẹ̀ hàn. Táǹkì àtijọ́, ẹ gbé e síta ní ṣíṣí, kí ẹ má gé e, títí àwọn tó ń ra irin fi máa gbé e. Bí ẹ bá ti jó epo kíkún àkọ́kọ́ tán, ẹ pààrọ̀ fílítà, torí ìdọ̀tí tó ti wà nínú páìpù tẹ́lẹ̀ yóò ti ṣàn wá síbẹ̀, kí ẹ sì tún bẹ́líìtì fún, torí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ á ti tẹ̀ mọ́lẹ̀.