Ẹ má fi kún láìnì: àṣìṣe táa máa ń ṣe lórí FIFO

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì fáwọn káfẹ̀ àti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti rí i pé páákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà kéékèèké tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé) ń já bọ́ lórí FIFO, ìyẹn láìnì tí wọ́n ń tò sí kí ráútà tó rán wọn lọ, ẹ má sáré lọ fi kún limit, ìyẹn iye tí láìnì yẹn lè gbà.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Mayfair, n'Ífẹ̀ níbí, upload wọn ò ju 2 Mbit/s lọ. Mo fi kọ̀ǹpútà Linux ṣe ráútà fún wọn, mo fi htb, ètò Linux tó ń dín spíìdì kù, há a mọ́ 2 yẹn, mi ò wá yan irú láìnì kankan sábẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ò bá yan nǹkan kan, pfifo, irú FIFO kan, ló máa wà níbẹ̀, iye tó sì máa gbà ni txqueuelen (gígùn láìnì) káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn, 1000 ló sì sábà máa ń jẹ́. Lọ́jọ́ kan báyìí ẹnì kan ń gbé fídíò sókè, ọmọ iléèwé kan jókòó tì í tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, ó tẹ̀ ẹ́, kò ṣí, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò ṣí, ojú ẹ̀ ti ń pọ́n torí ọjọ́ ti fẹ́ pé. Mo ṣe ping láti wo bó ṣe ń pẹ́ tó kí èsì tó dé, ó ti lé ní 5000 ms! Páákẹ́ẹ̀tì tó já bọ́ ò tó nǹkan o, wọ́n kàn tò síbẹ̀ ni.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Páákẹ́ẹ̀tì 1000, báìtì 1500 lọ́kọ̀ọ̀kan, bíìtì 8 nínú báìtì kan, bíìtì mílíọ̀nù 12 nìyẹn, sẹ́kọ́ńdì 6 gbáko lórí 2 Mbit/s. FIFO ò mojú ẹnì kankan, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ lọ. Àfi bí ẹni mú ife kan ṣoṣo wá síbi ẹ̀rọ omi tó wá bá ẹni tó ti to ogójì kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé páákẹ́ẹ̀tì tó já bọ́ yẹn gan-an ló ń sọ fún TCP, ètò tó ń gbé fídíò yẹn lọ, pé kó rọra. Tí kò bá já bọ́, á máa fi kún eré ni. Torí ẹ̀ ni CoDel, ètò tó ń bójú tó láìnì, tí Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé jáde lọ́dún 2012 ò fi ka orí páákẹ́ẹ̀tì rárá, bó ṣe pẹ́ tó lórí láìnì ló ń wò, 5 ms ló sì ń lé.

Ẹ má wá torí ìyẹn fi limit sí 2 o, páákẹ́ẹ̀tì máa ń rọ́ dé pọ̀ ni, ẹ máa dà á nù lásán nígbà tí àyè ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ sì rántí pé lójú pfifo, páákẹ́ẹ̀tì báìtì 64 àti ti 1500, ẹyọ kan náà ni, bfifo ló ń ka báìtì. Tẹ́ ò bá sì dín spíìdì kù ní ráútà yín, inú módẹ́mù ni láìnì máa to sí, limit tẹ́ ẹ kọ ò ní ṣe nǹkan kan.

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, bfifo limit 30000 ni mo fi síbẹ̀, ìyẹn 120 ms tó bá kún. Fídíò ṣì ń lọ sókè lọ́wọ́ nígbà tí fọ́ọ̀mù ọmọ yẹn ṣí.