Montessori nílé láìná owó ńlá: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí tí nǹkan ò bá lọ dáadáa

Àwọn òbí tí mò ń ràn lọ́wọ́ l'Abẹ́òkúta níbí láti ṣe kọ̀rọ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ Montessori (ọ̀nà ìkọ́mọ tí ọmọ fi ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan láti kẹ́kọ̀ọ́) fún ọmọ wọn nínú ilé ló bi mí láwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ kú iṣẹ́ àǹtí. Mo kó nǹkan ìṣeré kún pẹpẹ dẹ́múdẹ́mú, ọmọ mi ọmọ ọdún 3 á kàn da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, á gba ìdí tẹlifíṣọ̀n lọ. Kí ni kí n ṣe?

Màmá wa, ẹ dín in kù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó wà níwájú ọmọ ti pọ̀ jù, ojú ẹ̀ ò mọ èyí tó máa wò. Nǹkan 5 tàbí 6 ti tó. Ẹ kó ìyókù sínú Ghana-must-go, ẹ gbé e sórí wọ́díróòbù, èyí tẹ́ ẹ bá rí i pé kò fọwọ́ kàn mọ́ kẹ́ ẹ fi òmíì pààrọ̀ ẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á ní tíréè tiẹ̀, gbogbo ohun tó máa lò á sì wà nínú ẹ̀. Bíi dída omi: jọ́ọ̀gì kékeré kan, kọ́ọ̀bù kan, akísà tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó parí. Ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ rọra ṣe é fún un kó rí i, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ẹnu yín ló máa wò, kò ní wo ọwọ́ yín. Tómi bá dànù ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ na akísà sí i. Àwọn ìṣeré tẹ́ ẹ máa tẹ bọ́tìnì tó máa kọrin yẹn, ẹ kọ́kọ́ gbé wọn pamọ́ ná, àwọn ló ń ṣiṣẹ́, ọmọ kàn ń wòran ni.

Yàrá kan la ní l'Àsèrò, owó tí wọ́n pe àwọn nǹkan Montessori yẹn fún mi ju agbára mi lọ. Ṣé kì í ṣe nǹkan olówó báyìí?

Rárá o! Ní January 6, 1907 ni Dókítà Maria Montessori, tó dá ọ̀nà yìí sílẹ̀, ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé àkọ́kọ́ tiẹ̀, ní San Lorenzo nílùú Róòmù, àdúgbò mẹ̀kúnnù ni, àwọn ọmọ tí òbí wọn máa ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ni wọ́n kó síbẹ̀. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi owó dẹ́rù bà yín.

Lẹ́tà tí ọmọ máa ń fọwọ́ tọ̀, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ẹ ra sáńpépà tó kúnná lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èlò káfíńtà, èyí tó rí gbágungbàgun á ha ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ya lẹ́tà sí, àmọ́ kẹ́ ẹ yà á kó kọjú sódì o, torí tẹ́ ẹ bá gé e tẹ́ ẹ yí i padà ló máa tó wá gún. Sísọ́ọ̀sì àtijọ́ ni kẹ́ ẹ lò, sáńpépà á kú u lẹ́nu. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ìka méjì lọmọ máa fi tọ̀ ọ́ bá a ṣe ń kọ ọ́, á máa pe ìró ẹ̀ bó ṣe ń tọ̀ ọ́. Inú mi máa ń dùn tí mo bá débí, torí lẹ́tà Yorùbá 25 ni, ohun tọ́mọ bá rí náà ló sábà máa pè, kò rí bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ, kó fọwọ́ kan òun náà.

Ẹ dé Ìtòkú, ẹ bẹ àwọn tó ń rán àdìrẹ kí wọ́n fún yín ní àjákù, méjì-méjì irú kan náà, kọ́mọ máa wá èkejì. Pẹpẹ ńkọ́? Pákó kan àti búlọ́ọ̀kù méjì nílẹ̀, ẹ má tò ó ga, ó lè wó lu ọmọ. Ìdí wíńdò ni kẹ́ ẹ gbé e sí torí ìmọ́lẹ̀. Ẹní kékeré kan ni ibi iṣẹ́ ẹ̀, tó bá ṣe tán á ká a.

Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni tèmi, ẹ̀wà tí mo fún un kó máa bù láti abọ́ kan sí òmíì, ẹnu ló ń kó o sí.

Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí. Ẹ̀wà, àgbàdo, ìlẹ̀kẹ̀, kọ́ọ̀kì, kò sí èyí tó yẹ ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3, ó lè há a lọ́fun. Tó bá kó o sí imú, ẹ má fi nǹkan tọ́ ọ, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ fún un ní ewédú kó máa já a sábọ́, ìka tó fi ń já a ló máa fi di pẹ́ńsù mú lọ́la, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í.

Ìyá ọkọ mi ní mo fẹ́ sọ ọmọ ọdún 4 di ọmọ ọ̀dọ̀, torí ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ abọ́.

Ẹ má bá wọn jiyàn o. Iṣẹ́ ilé wà lára ohun tí Montessori fi ń kọ́ ọmọ, ọwọ́ á yá, ọkàn á sì pa pọ̀, àmọ́ àlàyé yẹn ò níí tù wọ́n nínú. Ẹ fún ọmọ ní ìgbálẹ̀ kékeré tiẹ̀, ẹ má rán an níṣẹ́ àgbàlagbà, tó bá ti sú u kó fi sílẹ̀. Tí màmá bá wá fẹ́ se ọbẹ̀ láfún, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń já ewédú," kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀ fún wọn.