Bí Apá Ò Bá Ká Ọmọ Mọ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Kí Ẹ Tó Gbé E Lọ Sílẹ̀ Òkèèrè

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni ọmọ àbúrò mi dé láti London sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Wọ́n sọ fún un pé Ojúde Ọba ló wá wò. Lóòótọ́, a jọ wò ó. Ó ń fi fóònù ya àwọn ẹlẹ́ṣin, ó ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ìwà ọmọ ṣe. Èmi ni mo jókòó tì í nínú mọ́tò. Páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà nínú báàgì mi. Mo mọ ibi tí à ń lọ, n kò sọ.

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn: ẹ má fi irọ́ gbé ọmọ. Ìyá rẹ̀ kì í ṣèèyàn burúkú. Ẹ̀rù ọ̀bẹ àtàwọn jàǹdùkú London ló bà á. Ẹ̀rù yẹn náà ló ba àwọn òbí kan tó gbé ọmọ wọn láti London lọ síléèwé ní Ghana ní oṣù Kẹta 2024. Wọ́n ní ìbátan kan tí ara rẹ̀ ò yá ni àwọn fẹ́ lọ wò. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Adájọ́ kọ́kọ́ ní kó dúró sí Ghana. Ní oṣù Kẹfà 2025, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn, wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí kan a tiẹ̀ sanwó fáwọn gìrìpá ọkùnrin láti wá jí ọmọ gbé lóru lọ sírú ibẹ̀. Ọmọ tá a bá tàn báyẹn kì í gbàgbé. Títí dòní, ọmọ wa kì í wọ mọ́tò mi láìkọ́kọ́ béèrè ibi tí à ń lọ, kó sì wò ó lórí fóònù fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní ẹ ò gbọdọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ fóṣù mélòó kan, ẹ má gbà. Bí wọ́n bá ní tó bá fẹjọ́ sùn, irọ́ ló ń pa, ẹ tètè gbọ́mọ yín. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń tu àwọn òbí Amẹ́ríkà tó kó ọmọ lọ sí Tranquility Bay, ilé àtúnṣe ọmọ kan ní Jamaica, lójú, kí wọ́n tó tì í pa ní 2009. Nígbà tí tiwa pe ìyá rẹ̀, olùkọ́ jókòó tì í, fóònù wà lórí sípíkà. Ọmọ tó máa ń jiyàn lórí ohun gbogbo ní “Bẹ́ẹ̀ ni mà” ṣáá. Àbúrò mi ní, “Ẹ ò rí i pé ó ti ń gbọ́n?” Ara fu mí.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ Ọlọ́run tí wọ́n kọ sára ògiri tàn yín. Ní 2019, ọlọ́pàá kó àwọn tó lé ní 300 jáde nílé kéwú kan ní Rigasa, Kaduna, wọ́n ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ará ilé wọn ló mú púpọ̀ nínú wọn wá. Lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n kó èèyàn 259 jáde nírú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀, Ìbàdàn. Ìbàdàn ò jìnnà sí wa. Òkè òkun náà ò sàn: ìwádìí GAO, tó ń ṣiṣẹ́ fáwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, fi hàn ní 2007 pé òṣìṣẹ́ ilé àtúnṣe ọmọ 1,619 ní ìpínlẹ̀ 33 ni ọ̀rọ̀ fífìyà jẹ ọmọ kàn ní 2005 nìkan.

Ẹ má pe àìsàn ní oríkunkun. Ọmọ tí kì í sùn, tó ń mu igbó, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú un lọ bá: ilé ìwòsàn yunifásítì wà ní Ṣágámù, Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ, wà ní Abẹ́òkúta.

Ẹ má sì dúró de ọjọ́ àbẹ̀wò tí wọ́n bá dá fún yín. Mo lọ láìsọ fẹ́nikẹ́ni, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, ó ń fọ ṣòkòtò àwọn olùkọ́, ìka rẹ̀ ti bó. Kò sunkún. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ mú páásípọ́ọ̀tù mi wá?”