Ọ̀bẹ tó ń yọ jáde nínú páálí: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń tà á lórí ayélujára

Ẹni tó ń ta ọ̀bẹ ìdáná lórí WhatsApp àti Instagram mọ fọ́tò yà, ó mọ oníbàárà pè. Kó wá di ọ̀bẹ náà kó dé ọwọ́ ẹni tó rà á láìgé ẹnikẹ́ni lọ́nà, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Mo kó àwọn ìbéèrè tí àwọn ontàjà ẹgbẹ́ mi máa ń bi mí jọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin kan l'Ékòó ra ọ̀bẹ ìgé-ẹran lọ́wọ́ mi. Bubble wrap ni mo fi wé e, mo wé e nípọn dáadáa, mo wá fi sínú àpò oníwèé. Kó tó débẹ̀, ṣóńṣó ọ̀bẹ ti yọ síta, ó sì gún ọmọ tó ń gun ọ̀kadà dísípáàṣì nítan. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ọmọ náà kú ewu o. Ohun tó lè fọ́ ni bubble wrap wà fún. Kò lè dá ṣóńṣó irin dúró, bó ti wù kí ẹ wé e tó. Ọ̀bẹ wúwo, ọ̀nà wa sì kún fún kòtò. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá ti bọ́ sí kòtò ni ọ̀bẹ ń sún síwájú díẹ̀, tó ń fi ṣóńṣó ta ojú kan náà. Bó bá pẹ́, ibẹ̀ á lu. Nítorí náà, bíbò nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ọ̀bẹ náà ò rìn rárá.

Ẹ wá páálí líle, irú èyí tí wọ́n fi ń kó fáànù tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ti Indomie fúyẹ́ jù. Ẹ gé e kó gùn ju irin ọ̀bẹ lọ, kí ẹ sì ká a sí méjì. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kó wà níbi tí ẹ ti ká a, kí ojú tó mú jìnnà díẹ̀ sí etí kejì tí ẹ máa lẹ̀, kó má baà gé téèpù láti inú. Páálí tó ṣẹ́kù níwájú ṣóńṣó, ẹ ṣẹ́ ẹ padà sẹ́yìn, ẹ fi téèpù dè é mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ní kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì, ẹ kọ́kọ́ ti ṣóńṣó bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yí téèpù ká gbogbo páálí náà, kó sì gun orí èèkù, kí ọ̀bẹ má lè yọ́ sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ téèpù mọ́ irin fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ni oníbàárà máa fi fà á ya, ojú ọ̀bẹ ló sì máa fà á gbà.

Ó ku kí ó má rìn. Ẹ tẹ́ ọ̀bẹ tó ti wọ àkọ̀ páálí yìí sórí páálí pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí ìsàlẹ̀ àpótí yín, ẹ lu ihò sí i, kí ẹ sì fi okùn so ó mọ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan níbi èèkù, lẹ́ẹ̀kan níbi irin. Ẹ fi bébà tí ẹ rún kún àlàfo tó kù. Kí ẹ tó lẹ àpótí pa, ẹ mì í sétí. Bí ẹ bá gbọ́ "kó, kó", ẹ tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ tí mo fi ránṣẹ́ ti dípẹtà kó tó dé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àkọ̀ awọ tó dára ni mo fi sí.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkọ̀ awọ yẹn ló fà á. Awọ máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, èròjà tí wọ́n fi ṣe é náà sì lè jẹ irin. Ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ ò dà bíi stainless. Òógùn ọwọ́ yín lásán tó láti mú un pupa nígbà òjò. Ẹ nu ún kó gbẹ, ẹ fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, kí ẹ sì mú un láti èèkù lẹ́yìn náà. Liquid paraffin tí wọ́n ń tà nílé oògùn dára ju òróró ìdáná lọ, nítorí òróró ìdáná máa ń lẹ̀ gbàgìdì bó bá pẹ́. Ẹ fi ọ̀rá wé irin náà kí ẹ tó fi sínú páálí. Ẹ fi àkọ̀ awọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú àpótí, lọ́tọ̀. Kí oníbàárà fọ ọ̀bẹ kó tó lò ó.

Ìbéèrè: Dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì ní òun ò gbé wébíìlì tó bá jẹ́ ọ̀bẹ. Ṣé kí n pè é ní ṣíbí?

Ìdáhùn: Rárá o! Bí wọ́n bá tú u lójú ọ̀nà, irọ́ yẹn ló máa kó dẹ́rẹ́bà sí ìjàngbọ̀n. Ẹ jẹ́ kó rí i kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi rísíìtì sínú, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ti ẹni tó máa gbà á sára rẹ̀. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Èmi kì í kọ "Ọ̀BẸ" gàdàgbà sí ìta, àwọn olè náà mọ̀wé kà. Sára àkọ̀ páálí inú ni mo máa ń kọ "ojú ọ̀bẹ rèé", tí mo sì ya ọfà sí i. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló fẹ́ bá yín gbé e wọ bàálù, inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ni kó wà. Wọn ò ní jẹ́ kó gbé e wọlé lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Àdá ńkọ́?

Ìdáhùn: Páìpù omi oníke ni. Ẹ fi páálí wé irin rẹ̀, ẹ tì í bọ inú páìpù tó gbà á, kí ẹ sì dé e lórí àti nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ní London fẹ́ ra ọ̀bẹ mẹ́ta. Ṣé kí n gba owó rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ dúró ná. Òfin ọ̀bẹ le níbẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019, èyí tí apá tó kan fífi ọ̀bẹ jíṣẹ́ sílé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England àti Wales ní April 2022, sọ pé ẹni tó ti pé ọdún 18 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fà á lé lọ́wọ́. Ọ̀bẹ tó ń ta jáde nínú èèkù bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rárá, kódà nínú ilé. Láti September 2024 ni wọ́n sì ti fòfin de àwọn ọ̀bẹ àti àdá tí wọ́n ń pè ní zombie, ìyẹn àwọn tó gùn, tó ní ṣóńṣó, tí wọ́n ṣe kó lè dẹ́rù bani. Ọ̀bẹ ìdáná kò sí lára àwọn tí wọ́n fòfin dè yìí, ṣùgbọ́n òfin ọdún 18 yẹn kàn án. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ agbẹ́rù bóyá wọ́n ń gbé e, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ stainless lásán, kí ó rà á lọ́hùn-ún. Owó ẹrù á ju owó ọjà lọ.

Ìbéèrè: Oníbàárà dá ọ̀bẹ padà, inú ọ̀rá dúdú ló kó o sí.

Ìdáhùn: Ó wọ́pọ̀. Ẹ ti sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé kó má ju àkọ̀ páálí yẹn nù. Bó bá fẹ́ dá a padà, kó ya fọ́tò bó ṣe dì í ránṣẹ́ sí yín kó tó pe ọlọ́kadà. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rá nìkan ló fi wé e, ẹ ní kó tún un dì.